Ìkúnlẹ̀ Amirah Kì Í Ṣe Fáólù

Ẹ kú iṣẹ́? Ẹ̀yin! Ẹ kú iṣẹ́ lẹ kí mi yẹn? Háà, Ọlọ́hun Ọba! Ẹ gbọ́ Yorùbá! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, “ẹ kú iṣẹ́ o, Auntie, ẹ kú òtútù yìí,” ẹ tún tẹrí ba díẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò, ọmọlúàbí gidi! Ẹ jókòó dáadáa, sà. Ẹ de seat belt yín. Glyndon lẹ ń lọ, mo ti rí i lórí fóònù. Gafar ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo rí Gafar, mo ní rárá, Gafar pọ̀ ní Thamesmead, kò lè jẹ́ òun. Àfi bí ẹ ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú báàgì yín, tí ikùn yín ń ṣíwájú yín bọ̀, ni mo bá mọ̀ pé Ọlọ́hun kì í sùn.

Ẹ ò mọ̀ mí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ mí? Ẹ kì í wo ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àyàfi tó bá pariwo mọ́ yín. Sọ̀fíyátù ni mo ń jẹ́, èmi ni ìyá Amirah. Amirah wo? Ẹ gbọ́ ìbéèrè o! Amirah ọmọ gíga yẹn, tó wọ híjáàbù dúdú, tẹ́ ẹ lé jáde nínú eré basketball ní Sátidé tó kọjá nítorí pé ó kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti wá rántí. Mo rí ojú yín nínú dígí, ó ti yí padà.

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀, mi ò ní jí yín gbé. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí stíárìn, mò ń wa mọ́tò mi jẹ́jẹ́, ẹnu mi nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, mi ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ti ṣe òfin tuntun tó ní kí dẹ́rẹ́bà má sọ̀rọ̀. Àbí wọ́n ti ṣe é? Ẹ̀yin lẹ mọ òfin, ẹ̀yin lẹ kó gbogbo òfin London sápò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, torí ó jọ pé ẹ ò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ń sáré padà lọ dí ọ̀nà mọ́ ọmọbìnrin onírun pupa yẹn. Ẹ̀yin náà ń fẹ̀yìn sáré bí akàn, ẹ ò wo ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ni ẹ bá forí lé e. Ẹ̀yin lẹ kọ lù ú! Èmi ni mo jókòó tí mò ń wò ó, wallahi, ojú mi méjèèjì yìí ni. Gbì! Fèrè fò lẹ́nu yín, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Eré ṣì ń lọ o. Bọ́ọ̀lù ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pariwo pé Amirah, Amirah, sáré! Kò sáré. Ó rí i pé àgbàlagbà ló ṣubú, ló bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú yín, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.” Ní Yorùbá! Ọmọ tí mo bí sí ibí yìí, tó jẹ́ pé bí mo bá bá a sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dá mi lóhùn, ọjọ́ yẹn ni Yorùbá jáde lẹ́nu ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dìde kí n pàtẹ́wọ́. Mo ní, Sọ̀fíyátù, o ò jìyà lásán.

Àwọn èèyàn wá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn wí. Kí ni wọ́n mọ̀? Wọ́n rí ọmọ gíga lórí orúnkún, wọ́n rí ọkùnrin kúkúrú tó fìdí jókòó sílẹ̀, wọ́n rò pé ọmọ yẹn ń ṣe eré tíátà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin! Ẹ dìde, ẹ gbọn ṣòkòtò yín, ẹ na ọwọ́ kí wọ́n bá yín gbé fèrè wá, ẹ nù ún mọ́ ẹ̀wù, ẹ fi sẹ́nu, ẹ fun ún, ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àmì yẹn lókè orí yín kí gbogbo ayé lè rí i: technical! Ó fi rẹfirí ṣe yẹ̀yẹ́! Fáólù karùn-ún, ẹni tó bá sì ti ní márùn-ún, eré ẹ̀ ti parí nìyẹn, kó jáde! Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà yẹn o. Ó ń wò yín lójú, ó ń retí kẹ́ ẹ ní “dìde, ọmọ mi.”

Ibo lẹ ti wá ná? Mo bi yín léèrè, ìlú wo? Ìbàdàn. Níbo ní Ìbàdàn? Mọ́kọ́lá! Kẹ́ ẹ tiẹ̀ ní Birmingham ni wọ́n bí yín sí, màá ní ó dáa, ojú ò mọ̀, màá fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má bínú. Ọmọ Mọ́kọ́lá! Wọn kì í kúnlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ni? Àwọn àbúrò yín obìnrin, ìdúró ni wọ́n fi ń kí yín tẹ́ ẹ bá délé? Bí ìyàwó yín bá gbé omi fún yín ní Glyndon níbẹ̀, tó bá rẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀, ẹ máa ń fun fèrè sí i?

Ẹ ní kí ni? Òfin. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ni, Auntie, òfin tuntun ni. Ẹ gbé òfin wá ká jọ wò ó, ọ̀nà ṣì jìn, mọ́tò sì kún ojú títì.

Ẹ má rò pé mi ò mọ eré yìí. Nígbà tí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀, lóòótọ́, kò sí ìyàtọ̀ lójú mi láàárín bọ́ọ̀lù yẹn àti elégédé. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń gbé e bọ̀, èmi ni mò ń jókòó sínú gbọ̀ngàn tí hítà kì í ṣiṣẹ́, mò ń wò, mò ń bi Kóòṣì Teslim tó ń kọ́ wọn léèrè, kóòṣì, kí ló dé tí wọ́n fi fun fèrè yẹn, kóòṣì, kí ni ìyẹn, títí ọmọkùnrin yẹn fi ń gba ẹ̀yìn jáde tó bá rí mọ́tò mi. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè. Bó bá jù ú, ó lè wọlé, ó lè má wọlé, ọwọ́ Ọlọ́hun ló wà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni dídí ọ̀nà. Bí Amirah bá dúró síwájú èèyàn, èèyàn ò kọjá. Ó máa fi ẹsẹ̀ bá ọ lọ, ó máa fi àyà bá ọ lọ, ojú ẹ̀ ò ní kúrò lára bọ́ọ̀lù, títí ó fi máa sú ọ, tí wàá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì. Ẹgbẹ́ ẹ̀ kan sọ fún mi pé àwọn ò mọ bí àwọn ṣe ń já gbà tó bá dúró lẹ́yìn àwọn. Ẹ̀bùn nìyẹn.

Wọ́n wá ní láti ìgbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó ń dí ọ̀nà bá fi ọwọ́ kan ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lára, fáólù ni. Kì í ṣe ìgbátí o. Kì í ṣe ìtì. Ìfọwọ́kàn! Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi dí ọ̀nà? Àdúrà? Kí wọ́n dúró lókèèrè kí wọ́n máa ka Fátíhà sí i? Ẹ sì ti rí ohun tó ń ti ìdí ẹ̀ yọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àwọn kóòṣì ti ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Onírun pupa yẹn, atẹ́gùn Amirah lásán ló fẹ́ sí i, ó ti nà gbalaja. Apá ló ní wọ́n fi ọwọ́ kàn, ojú ló wá dì mú! Ó ń yí, ó ń ké, mo rò pé wọ́n máa pe áńbúláǹsì. Ẹ fun fèrè, ó dìde, ó ju bọ́ọ̀lù ẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kó fáólù mẹ́rin lé ọmọ mi lórí. Onírun pupa yẹn ló ń ṣe tíátà, ọmọ mi lẹ ní ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń lọ fún yín, ẹ lè lọ sọ fún àwọn tó ń ṣòfin. Láìpẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan ò ní mú ọmọ tó mọ ọ̀nà í dí mọ́. Ẹni tó lè dúró lókèèrè ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n á máa wá. Gbogbo wọn á tò yí ká bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, wọ́n á jù ú, wọ́n á tún jù ú, ẹnikẹ́ni ò ní sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló wá mọ̀ ọ́n jù láti òkèèrè? Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní ọgbà lẹ́yìn ilé, tó gbé irin àti àwọ̀n kọ́ síbẹ̀, tó ń dá a jù láti kékeré. Ní Thamesmead níbí, ta ló ní ọgbà? Ẹ̀yìn ilé alájà wa ni ọmọ mi ti kọ́ ọ, nínú ibi tí wọ́n fi wáyà yí ká yẹn, níbi tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń du bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Níbẹ̀, bí o ò bá mọ ọ̀nà í dí, ilẹ̀ á ṣú bá ọ, o ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n fi ara líle àti sùúrù kọ́, ìwọ̀nyẹn jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ní fáólù ni. Ẹ̀yin wá bá wọn gbé fèrè kọ́rùn, inú yín ń dùn.

Mò ń bọ̀, mi ò tíì dé ibi tó le. Èyí tó gbẹ̀yìn ni baba gbogbo wọn. Wọ́n ní bí fèrè bá ti dún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ara sọ nǹkan kan sí rẹfirí. O ò gbọdọ̀ na ọwọ́, o ò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, o ò gbọdọ̀ yí ojú. Kí ló dé tí wọ́n ṣe é? Ọ̀wọ̀ ni, wọ́n ní! Kí àwọn ọmọ lè máa bọ̀wọ̀ fún rẹfirí! Astagafurullah. Wọ́n ṣòfin ọ̀wọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bọ̀wọ̀ fún yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń fun fèrè kiri, òun lẹ fi òfin ọ̀wọ̀ lé jáde. Àwọn tó ń pè yín ní ohun tí mi ò lè fi ẹnu mi sọ, tí wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ bá yíjú, àwọn yẹn parí eré, wọ́n mu omi, wọ́n lọ sílé.

Wọ́n ní bí fèrè bá ti dún. Fèrè wo ló dún? Fèrè yín wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́? Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ yẹn, tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu bí ewúrẹ́. Chewing gum ni o, ẹ má dá mi lóhùn. Kóòṣì ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Torí Amirah ló ṣe wá wo eré yẹn. Kóòṣì Teslim ti fi fídíò ọmọ náà ránṣẹ́ sí i, obìnrin náà sì ní òun fẹ́ràn ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ tiwọn náà wọ́n ń pariwo òfin fáólù, kò sì sí ohun tó wọ́n báyìí bí ọmọ tó lè dí ọ̀nà láìbínú. Ó ní agbára pọ̀ nílẹ̀, sùúrù lòún ń wá. Sùúrù! Mo ní ẹ̀yin, ilé wa ni sùúrù ń gbé, ẹ máa bọ̀. Bó bá mú Amirah, wọ́n á rán an nílé ìwé ní ọ̀fẹ́, ilé, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń wo ibẹ̀ lórí fóònù, ó mọ orúkọ yàrá ìkàwé wọn, ó ti mọ ibi tí mọ́sálásí wà.

Lẹ́yìn eré, obìnrin náà bá Kóòṣì Teslim sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ yẹn lágbára, ó ní ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwà. Ó ní bí òfin ṣe wá le yìí, ẹni tó ń fi rẹfirí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn, á ba ẹgbẹ́ jẹ́ fún òun. Kò níwà! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Sọ̀fíyátù ni wọ́n ní kò níwà! Torí pé ó hùwà! Teslim gbìyànjú, ó ní àṣà wa ni, obìnrin náà ní ṣùgbọ́n rẹfirí yẹn náà, àbí ará ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni? Bó bá jẹ́ àṣà ni, ṣé òun ò ní mọ̀ ọ́n? Kí ni Teslim máa fi dá a lóhùn? Ẹ̀yin, ẹ sọ ọ́, kí ni èèyàn máa fi dá a lóhùn? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi àti ọmọ mi ni òkò náà ń bọ̀ wá bà.

Bẹ́ẹ̀ ni, Plumstead la wà yìí. Mo mọ ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni.

Ká tiẹ̀ gbé ti Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́hun tó ní Amẹ́ríkà ló ni ibòmíì. Ohun tó ń jẹ mí nínú kọ́ nìyẹn. Ní Mọ́ńdè, ìyá mi pè wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fídíò. Kó tó di Sátidé yín yẹn, bí Amirah bá ti gbọ́ ohùn ìyá mi, á gbé fóònù ti sára ife lórí tábìlì, á kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, ìyá mi á máa kì í, á máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ò ní gbọ́ ìdajì ẹ̀, á sáà máa rẹ́rìn-ín. Ní Mọ́ńdè, ó nà lórí àga. Ó juwọ́. Ó ní, “Hi, Grandma.” Mo wò ó, mo fi ojú sọ̀rọ̀ sí i. Ó wò mí padà. Ìyá mi ní Àbẹ̀kẹ́, ṣé ara ò yá ni? Mo ní ara ń ro ó, Màámi, eré ló sá jù. Mo purọ́ fún ìyá mi.

Nígbà tí mo pa fóònù, mo ní Amirah, kí ló dé? Ó ní, “Mummy, I'm not doing that again.” Ó ní, Mummy, bàbá yẹn, Yorùbá ni, Yorùbá gan-an, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí eré ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi, ó sì fun fèrè sí mi. “So who am I doing it for?” Ta ni mò ń ṣe é fún? Ohun tó bi mí nìyẹn. Èmi tí ẹnu mi mú báyìí, tẹ́ ẹ ń gbọ́ láti Thamesmead, mo sá fún ọmọ tí mo bí. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi, mo sunkún.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó wà nínú kéèyàn kọ́ ọmọ ní ìkúnlẹ̀ nílùú tí wọn kì í tiẹ̀ í dìde fún arúgbó nínú bọ́ọ̀sì? Láti ìgbà tó ti ń rákòrò ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ léjìká. Amirah, kúnlẹ̀, àgbà ni. Ó ń sunkún, mo ní kúnlẹ̀. Tíṣà pè mí sí ilé ìwé, ó ní ọmọ yín kúnlẹ̀ fún mi, ṣé kò sí wàhálà nílé? Mo ṣàlàyé fún un. Òyìnbó ni, ó gbọ́ àlàyé, ó ní oh, how lovely! Òyìnbó gbọ́! Ọmọ Mọ́kọ́lá ni ò gbọ́! Mo máa ń sọ fún ọmọ yẹn pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ibi yòówù kó dé láyé, bó bá pàdé ẹni tiwa, kó kúnlẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé a tọ́ ọ. Ó pàdé ẹni tiwa. Ẹ kú oríire.

Ẹ̀n-ẹ́n, a ti kọjá Glyndon. Mo rí i. Ojú ò fọ́ mi.

Ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀? Iná pupa rèé, mo ti dúró, mi ò ti ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí i. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, mo ti fagi lé e. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn padà, kò jìnnà, ẹ lọ bá ìyàwó yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé obìnrin wèrè kan ló gbé yín lónìí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ o, iná fẹ́ yí padà.

Ẹ ò sọ̀kalẹ̀.

Ó dáa náà. Mò ń lọ.

Kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ sókè, sà, mi ò gbọ́, mọ́tò ńlá ló ń kọjá. Ẹ ní kí ni? Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ dúró ná. Ẹ tún un sọ. Ẹ mọ̀ láti ibẹ̀? Láti orí ilẹ̀ tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, ẹ ti mọ̀? Ẹ gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́ sà” yẹn, ó wọ etí yín, ẹ mọ ohun tó jẹ́, ẹ wá dìde, ẹ fi fèrè sẹ́nu? Lá ìláhà ìlalláhù! Èmi rò pé ojú ló ń tì yín torí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tí orí yín fi dàrú. Mo ti ń bá yín wá àwíjàre láti Sátidé láìmọ̀!

Ọkùnrin wo? Èyí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó ń ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀n. Ẹ ní bẹ́ ẹ bá fi ọmọ yẹn sílẹ̀, á ní ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú lẹ jọ ń gbè lẹ́yìn ara yín. Ẹ fẹ́ kó gbé yín sókè, kẹ́ ẹ lọ máa fun fèrè fún àwọn àgbà. Nítorí ẹ̀ lẹ ṣe le mọ́ ọmọ tiwa ju bẹ́ ẹ ṣe le mọ́ tiwọn lọ. Ẹ fi fáólù ọmọ mi ra ojú rere. Ṣé ó rí yín? Ṣé ó pàtẹ́wọ́ fún yín? Ṣé wọ́n ti gbé yín sókè náà? Wọn ò tíì pè yín. Wọn ò ní pè yín! Ẹni tí ò lè gba ọmọ ara ẹ̀ sílẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin wà lọ́jà, ẹ̀yin lẹ tún fọwọ́ ara yín wọ́ ọ! Hẹ̀n, ẹ ò rí mi? Ẹnu mi ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ ṣé.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ má bínú. Mi ò fẹ́. Ṣé èmi lẹ fun fèrè sí? “Ẹ má bínú” yẹn, ọmọ mi ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ rí ohun tẹ́ ẹ fi san án fún un.

A ti dé. Pápá Common rèé lápá òsì, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń ṣeré lónìí nìyí. Obìnrin oníkóòtù yẹn wà nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ míì ló ń wò lónìí, ọ̀la ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Ohun tí mo fẹ́ rèé, mi ò fẹ́ nǹkan míì. Ẹ máa wọlé, ẹ máa lọ bá a, ẹ máa sọ fún un pé Ìbàdàn lẹ ti wá, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ yín, pé ọmọ yẹn níwà, pé ẹ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ ṣèké. Ẹ sọ ọ́ ní ìdúró. Ẹ má kùn ún sínú bẹ́ ẹ ṣe kùn ún sí mi létí lẹ́yìn iná pupa yẹn. Bó bá mú ọmọ mi, alihamudulilahi. Bí kò bá mú un, èmi á fi Ọlọ́hun ṣe olùṣọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rù ọkùnrin yẹn? Ẹ bẹ̀rù ẹ̀ lọ, ẹ sáà wọlé.

Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Òun nìyẹn, tó gbé àpò bọ́ọ̀lù dání, Teslim ní kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Ó ti rí yín. Ẹ rí bó ṣe dúró? Ẹ má retí kó kúnlẹ̀ o. Kò ní kúnlẹ̀. Mo bí i, mo tọ́ ọ, mi ò sì ní sọ fún un lónìí pé kó kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ bá Òyìnbó kankan, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí i. Ẹ kí i dáadáa, bẹ́ ẹ ṣe kí mi nígbà tẹ́ ẹ wọ mọ́tò. Ẹ sọ fún un pé ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn dára. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó máa gbọ́.